Ẹni Tí Yóò Dá Màmá Lóhùn

Ọjọ́ kìíní tí mo wọ ilé Màmá ní Tucker, nítòsí Atlanta ní Améríkà, díẹ̀ ló kù kí n fi ìkíni pa á. Ilé-iṣẹ́ tó ń rán wa lọ tọ́jú àwọn arúgbó ti kọ́ wa ní ohun gbogbo: bí a ṣe ń gbé arúgbó dìde lórí ibùsùn, bí a ṣe ń fún un lóògùn, bí a ṣe ń wẹ̀ ẹ́ tí ara rẹ̀ kò fi ní bó. Wọn ò kọ́ wa bí a ṣe ń kí i. Ta ló tún ń kọ́ ọmọ Yorùbá ní ìyẹn? Mo wọ yàrá, mo rí obìnrin arúgbó kan tí irun rẹ̀ funfun bí òwú, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, mo ní ẹ káàárọ̀, mà. Ó wò mí. Ó wo orúnkún mi nílẹ̀. Ló bá figbe ta, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tì mí dànù, ó ń sunkún ní èdè kan tí etí mi kò gbọ́ rí.

Linda sáré wọlé. Linda ni ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá bí. Òun náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ń lọ sí ọ́fíìsì lójoojúmọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń wá ẹni tí yóò máa wà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án. Ó di ìyá rẹ̀ mú títí ara rẹ̀ fi wálẹ̀, Màmá wá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní ní abúlé àwọn, tí ènìyàn bá kú ni wọ́n máa ń kúnlẹ̀ tì í báyẹn, gbogbo àdúgbò á pé, wọ́n á máa kọ orin ìsìn kan tó gùn tí kì í tán bọ̀rọ̀. Ó ní òun rò pé òun ti kú ni. Ohun tó wá dun òun ni pé ẹnì kan péré ló wá.

Mo bẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ náà, mo kàn ń di ọwọ́ rẹ̀ mú tí mo bá ń kí i. Ilé-iṣẹ́ ní kí n máa pè é ní Miss Barbara, ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ̀ ọ́. Obìnrin tó ju ìyá tó bí mi lọ, kí n máa pè é lórúkọ? Mo ní Màmá ni n ó máa pè é. Linda ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń pe ìyá ní ìlú wọn. Bí mo ṣe pè é bẹ́ẹ̀, arúgbó náà yíjú sí mi, kò tì mí mọ́.

Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí l'Ékòó, ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí mo dé Atlanta, wọ́n ní ìwé-ẹ̀rí mi kò ríṣẹ́ ṣe níbí, mo bá ń di ẹrù sínú páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Améríkà kì í ṣe òtútù. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ní Stone Mountain tí mo ń gbé, ọmọ Nàìjíríà pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní, ṣùgbọ́n inú mọ́tò ni kálukú wà. Ẹ̀yìn orí ènìyàn lẹ ó máa rí láti Mọ́ńdè dé Sátidé, ó di ọjọ́ Sunday ní ṣọ́ọ̀ṣì kẹ́ ẹ tó rójú rẹ̀. Ìgbà mìíràn mo máa ń bá ara mi sọ̀rọ̀ níbi tí mo ti ń fọ abọ́, kí n ṣáà lè mọ̀ pé ohùn ṣì wà lọ́fun mi.

Ọdún kẹta tí mo débẹ̀ ni ìyá mi kú nílùú wa ní Èkìtì. Ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde, mo mọ̀ pé tí n bá fi jáde n kò ní lè wọlé mọ́, nítorí náà orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú rẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lilburn gbé ìrẹsì wá, wọ́n ní kí n máa dúpẹ́ pé ó dàgbà kó tó lọ. Mo dúpẹ́. Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Màmá.

Samogitia ni wọ́n ń pe ilẹ̀ Màmá lédè Gẹ̀ẹ́sì. Èmi olùkọ́, n kò gbọ́ ọ rí. Linda fi hàn mí lórí fóònù: ó wà ní apá ìwọ̀-oòrùn Lithuania, ní Yúróòpù, ilẹ̀ tó kún fún igbó àti oko pòtétò, tí wọ́n gbẹ́ igi ní àwòrán àwọn ẹni mímọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹranko béárì ni àmì wọn. Linda ní wọ́n lórí kunkun, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bí wọ́n bá sì ti fìdí kalẹ̀ síbì kan, kò sẹ́ni tó lè gbé wọn. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo ní ta ló ń júwe ará Èkìtì fún mi báyìí?

Wọ́n ní èdè tiwọn. Ṣùgbọ́n àwọn ará Lithuania yòókù ní kì í ṣe èdè rárá, pé bí àwọn ará oko ṣe ń ba èdè àwọn jẹ́ ni. Ìyẹn náà kò ṣàjèjì sí mi.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo gbọ́ ìtàn Màmá, apá kan lẹ́nu Linda, apá kan lẹ́nu òun fúnra rẹ̀, láwọn òwúrọ̀ tí ojú rẹ̀ bá mọ́. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń sún mọ́ abúlé wọn. Ìyá rẹ̀ ní kó bá àǹtí rẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, kí wọ́n sá. Òun fúnra rẹ̀ kò lè lọ, nítorí ìyá àgbà wọn kò lè rìn, àti nítorí Ona, àbúrò Màmá, ọmọ ọwọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Inú bí ọmọbìnrin náà. Ó ní ìyá òun ń lé òun lọ, ó ń fi ọmọ kékeré pamọ́ sọ́dọ̀. Ó gun kẹ̀kẹ́, ó kẹ̀yìn sí ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń pè é, kò dáhùn, kò bojú wẹ̀yìn títí wọ́n fi yí kọ́nà. Kò rí ìyá náà mọ́ láyé.

Ó dé àgọ́ àwọn tí ogun lé ní Jámánì, wọ́n dá ilé-ìwé sílẹ̀ fún wọn níbẹ̀. Olùkọ́ wọn, tí kì í ṣe ará Samogitia, máa ń mú un dìde lójú gbogbo ọmọ pé kó sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè fi rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ló ti pinnu pé ọmọ tí òun bá bí kò ní jẹ irú ìyà yẹn. Ó dé Améríkà, ó fẹ́ ọmọ Georgia, ó bí Linda, ó fi Gẹ̀ẹ́sì tọ́ ọ. Ó ti pa èdè rẹ̀ tì.

Ẹ wá wo iṣẹ́ ayé. Nígbà tí àìsàn ìgbàgbé dé, Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ ń jò dànù. Tí a bá lo ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ mẹ́ta nínú rẹ̀, èdè Samogitia nìkan ni Màmá ń sọ. Linda á jókòó tì í, á máa mi orí, á ní yes, Mama, yes, Mama. Kò mọ ohun tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ni sí.

Ohun kan ṣoṣo ni Màmá ń fẹ́. Tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti padà sí i lẹ́nu, ohun tó máa sọ nìyẹn: ó fẹ́ bá Ona sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì ti kọ lẹ́tà síra wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ìjọba tó gba ilẹ̀ wọn lẹ́yìn ogun ń tú lẹ́tà wò, ojú sì ń ti Màmá, kò lè kọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ sínú ìwé. Ó fẹ́ bi Ona bóyá ìyá wọn sọ̀rọ̀ òun kó tó kú. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó dárí ji òun. Dókítà sì ti sọ fún Linda pé ó lè má ju oṣù díẹ̀ lọ mọ́.

Linda wá ọkùnrin kan rí ní Lilburn, ọmọ Lithuania pátápátá, bàbá oníwà pẹ̀lẹ́ tó gbé búrẹ́dì dúdú wá. Ó jókòó, ó kí Màmá lédè rẹ̀. Ojú Màmá là. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó ń yára, bí ẹni tí ẹrù ti wà lórí rẹ̀ látàárọ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún ọ̀rọ̀ kan ṣe fún un. Ó tún òmíràn ṣe. Ó wá yíjú sí Linda, ó ní ẹ má bínú o, èdè abúlé ni ìyá yín ń sọ, n kò gbọ́ ju ìdajì lọ. N kò rò pé ó fi ṣe ibi. Ṣùgbọ́n Màmá ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn rí. Ó yíjú sí ògiri, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Inú bí mi débi pé mo lọ dúró ní gáréèjì. Kì í ṣe ọkùnrin yẹn ni mò ń bá bínú, tí n óò bá sọ òótọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí wọ́n mú mi láti Èkìtì lọ sọ́dọ̀ àǹtí mi ní Mushin. Ọjọ́ tí mo pe ilé ní ulé, tí mo pe iṣu ní uṣu níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí táàmù fi parí. Mo kọ́ èdè Èkó bí ẹni ń sá fún iná. Nígbà tí ìyá mi wá kí mi, tó gbé iṣu rù wá láti ọ̀nà jíjìn, tó ń pe orúkọ mi lẹ́nu géètì bí wọ́n ṣe ń pè é nílé, mo sáré pàdé rẹ̀, mo ní kó jọ̀ọ́ má sọ̀rọ̀ báyẹn níbí. N kò pè é ní Yèyé mọ́ láti ọjọ́ yẹn, Mọ́mì ni mo ń pè é. Kò bá mi jà. Ó kàn ní ó dáa.

Àwọn èèyàn ń sọ pé èdè ni ilé. Èmi ò mọ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá sọ ilé nù, ó so àpò ìyà kọ́, àti pé kò dìgbà téèyàn bá wọ ọkọ̀ òfuurufú kó tó sọ ilé nù. Èmi ti sọ tèmi nù ní Mushin.

Mo bá ní n ó wá Ona. Linda ní abẹ́ ibùsùn ni Màmá kó àwọn lẹ́tà sí, nínú agolo bisikíìtì. A tú u. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn, ọwọ́ ọ̀tọ̀ ló kọ ọ́, nọ́ńbà fóònù sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Linda ń bẹ̀rù láti pè. Mo ní kó fún mi. Ọ̀dọ́bìnrin kan gbé e, Rasa lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọmọ Ona ni, ó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Mo ṣàlàyé ara mi, mo ní a fẹ́ kí Ona bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀.  Rasa ní ìyá àgbà òun ti kú nígbà tí wọ́n ń gbin pòtétò lọ́dún yẹn. Ó ní títí ó fi kú ló ń bèèrè bóyá Améríkà ti pè.

Mo fọwọ́ lérán. Linda ní ká fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ká má sọ fún Màmá. Bẹ́ẹ̀ náà ni Màmá ń jí ní òwúrọ̀, á di ọwọ́ mi mú, á ní Ona ńkọ́. Èmi náà á ní a ṣì ń wá a, Màmá.

Ṣùgbọ́n èmi àti Rasa kò yéé sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn kò jáwọ́ nínú èdè àwọn rárá nílé, òun náà fi ń bá ajá wọn wí. Ó kọ́ mi ní oúnjẹ kan tí Màmá máa mọ̀: wàrà kíkan àti bọ́tà tí wọ́n ń rò pọ̀ nínú abọ́ tí wọ́n gbé lé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, pẹ̀lú aáyù àti iyọ̀, tí wọ́n ń fi pòtétò gbígbóná jẹ. Kò gbọdọ̀ gbóná jù, ọwọ́ kò sì gbọdọ̀ yára. Èmi tí mo mọ bí a ṣe ń ro nǹkan kó má ṣu, ìkánjú ti ń bẹ lára mi. Àkọ́kọ́ yọ́ di òróró. Èkejì náà yọ́. Ẹ̀kẹta dì, ó funfun, ó ń dán. Mo fi ṣíbí kan sí Màmá lẹ́nu. Ó gbé e mì, ó tún ya ẹnu. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nawọ́, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Mo kọrin nínú mọ́tò títí mo fi dé Stone Mountain lọ́jọ́ náà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí Màmá kò lè jẹun mọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó ní kí Linda múra sílẹ̀. Rasa ní ṣé òun kò lè bá a sọ̀rọ̀, kó ṣáà gbọ́ èdè rẹ̀ létí lẹ́ẹ̀kan sí i. Linda gbà. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé Rasa á sọ ẹni tí òun jẹ́, á kí i, á gbàdúrà.

Àárọ̀ Sátidé ni. Linda ń po tíì ní kíṣìnnì. Mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí Màmá, mo ṣí ohùn rẹ̀ sókè kí n lè máa gbọ́. Rasa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ojú Màmá tó ti pa dé láti ọjọ́ mẹ́ta là. Gbogbo ojú rẹ̀ yí padà, ó dà bí ojú ọmọdé. Ó pe orúkọ kan. Ona?

 Rasa wá fi Gẹ̀ẹ́sì bá mi sọ̀rọ̀. “Ó ń bèèrè bóyá èmi ni Ona. Kí ni kí n sọ?”

Ẹgbẹ́ akọrin ni mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. N kì í fi irọ́ ṣeré. Ó yẹ kí n pe Linda, torí ìyá rẹ̀ ni, kì í ṣe ìyá mi. Mo wo Màmá, ó ti ń gbé orí sókè kúrò lórí ìrọ̀rí, ó ń retí.

“Sọ pé ìwọ ni,” mo ní. “Dá a lóhùn.”

Rasa dá a lóhùn. Wọ́n sọ̀rọ̀ fún bíi ogójì ìṣẹ́jú. N kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i: Màmá rẹ́rìn-ín, ó bèèrè nǹkan, ó bínú díẹ̀, ó tún rẹ́rìn-ín. Linda ti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, tíì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá dé ibì kan tí ohùn Màmá rẹlẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀. Rasa fèsì, ó pẹ́ lórí èsì náà. Omi ń ṣàn lójú Màmá lọ sínú etí rẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó tún un sọ, ó sì sùn lọ.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn ló kú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Linda.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Linda pè mí wá sílé. Ó ní òun ti bá Rasa sọ̀rọ̀, òun ti gbọ́ ohun tí a ṣe. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo ní kó sọ ọ́, kó má bá ọmọ náà wí. Mo ti múra láti gba ohun tó bá fẹ́ sọ.

Linda kò bínú. Ó ní Rasa sọ fún òun pé irọ́ kan péré ni òun pa, orúkọ nìkan. Ìyókù, ẹnu Ona ni òun ti gbọ́ ọ. Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ Kérésì, gbogbo ilé ní Samogitia máa ń jókòó yí tábìlì ká, wọ́n á gbé abọ́ kan sílẹ̀ fún ẹni tí kò sí láàárín wọn. Ìyá wọn gbé abọ́ yẹn sílẹ̀ fún Màmá lọ́dọọdún títí ó fi kú, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀. Ohun tí Màmá gbọ́ tó fi sunkún nìyẹn. Linda ní òun jókòó ti ìyá òun fún ọgọ́ta ọdún ó lé, òun kò mọ̀ pé ohun tó ń dùn ún nìyẹn. Ó ní bí òun bá tilẹ̀ wà nínú yàrá nígbà tó pe Ona, èdè wo lòun ìbá fi dá a lóhùn?

Ó wá bi mí pé kí ló dé tí mo fi tẹra mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí kì í ṣe ara iṣẹ́ mi. Mo fẹ́ sọ pé kò sí nǹkan. Mo wá rí i pé mo ti ń sọ̀rọ̀.

Mo sọ fún un pé nígbà tí àìsàn ìyá mi le, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí, ó ní òun á gbé fóònù sí i létí, kí n bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀sán ni, ìsinmi oúnjẹ ni a wà ní ilé ìkẹ́rùsí. Mo ti ń tọ́jú ọ̀rọ̀ tí n óò sọ fún un lédè wa láti ọjọ́ mélòó kan. Mo la ẹnu, kò jáde. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo ti fi sọ ti Èkó. Mo bá ń gbàdúrà bí a ṣe ń gbà á ní Lilburn, Mọ́mì, Olúwa á gbé yín dìde, Mọ́mì, ẹ ò ní kú, ẹ̀mí yín á gùn. Ó ń ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀. Inú mi dùn. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo rò pé mo ti ṣe ohun tó yẹ kí ọmọ ṣe. Òru ọjọ́ kejì ló kú.

Ìgbà tí wọ́n sin ín tán ni ẹ̀gbọ́n mi tó sọ fún mi, kò sì mọ ohun tó ń sọ, ẹ̀rín ló ń fi ọ̀rọ̀ náà rín, bí èèyàn ṣe ń ròyìn àwàdà ìkẹyìn tí òkú ṣe. Ó ní bí mo ṣe pa fóònù, Yèyé bèèrè lọ́wọ́ òun pé ta ni obìnrin ará Èkó tó mọ àdúrà gbà yẹn. Ó ní kó bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní tó bá ti ṣe tán, kó wá bá òun pe ọmọ òun.